Ta Ló Ti Ilẹ̀kùn Náà Láti Ìta?

Gbogbo ẹni tó bá mọ̀ mí ní Ọ̀kà yóò sọ fún yín pé mo gbéraga. Kí ẹ tó lọ bi wọ́n, ẹ jẹ́ kí n fẹnu ara mi sọ ọ́: òótọ́ ni. Èmi Fúnminíyì, ọmọ Clement Akínlọ́lá tó fi ọgbọ̀n ọdún ṣe ọ̀gá ilé ìwé, tíṣà lítíréṣọ̀ ni èmi náà, n kì í sì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìwé borí mi. Àwọn ọmọ kíláàsì mi ní ìnagijẹ kan fún mi tí wọ́n rò pé n kò mọ̀: Ìwé-ló-wí. Ìgbéraga yìí ló mú mi pàdé ọkọ mi. Òun náà ló sì kù díẹ̀ kó gbà á lọ́wọ́ mi.

Ọjọ́ Sátidé kan ni, ní Ìkarè. Caleb, ọkùnrin tó ni ilé ìwo-bọ́ọ̀lù kan ní àdúgbò Jùbílì, kò rí bọ́ọ̀lù gidi fi hàn lọ́sẹ̀ náà, ló bá lẹ bébà mọ́ ògiri pé òun yóò fi fíìmù kan hàn tí wọ́n ń pè ní Ẹni Mẹ́sàn-án Tó Kù. Fíìmù ẹ̀rù ni. Inú ìwé kan ni wọ́n ti yọ ọ́, mo sì ti ka ìwé náà nígbà tí mo ń ṣe àgùnbánirọ̀, ọdún mẹ́fà sẹ́yìn. Kí ni mo ń wá nílé? Mo wọ takisí láti Ọ̀kà, mo lọ wo bóyá wọ́n ba ìwé náà jẹ́.

Nínú fíìmù náà, ayé ti dàrú. Àrùn kan wọ ìlú, ẹni tó bá mú á máa rìn lójú oorun, á máa fi imú wá ibi tí èémí alààyè wà kiri. Bó bá rí ẹ, o parí. Ènìyàn mẹ́sàn-án sá gun orí òkè kan, wọ́n wọ sítọ́ọ̀ ilé ìwé tó wà níbẹ̀: bàbá kan, ọmọbìnrin rẹ̀ kékeré, àti àwọn méje mìíràn. Ọjọ́ mọ́kànlá ni wọ́n fi wà nínú òkùnkùn. Agogo ilé ìwé ń dún lójoojúmọ́, kò sì sẹ́ni tó ń lù ú. Nígbà tí àwọn ṣọ́jà dé, wọ́n ṣí ilẹ̀kùn, ọmọbìnrin yẹn nìkan ni wọ́n bá. Ó jókòó jẹ́ẹ́, ó ń wò wọ́n. Fíìmù parí.

Caleb tan iná, ariwo sì sọ.

"Ó tán? Ábẹ̀g, Caleb, ibi tó kù dà?"

"Kí lọmọ yẹn jẹ fún ọjọ́ mọ́kànlá?"

Nọ́ọ̀sì kan tó ń jẹ́ Hafsoh, tó jókòó níwájú mi, yí ojú padà. "Ẹ má béèrè ohun tó jẹ," ó ní. "Ẹ béèrè ibi tí àwọn mẹ́jọ tó kù wà."

Gbogbo ilé ké "hẹ́ẹ̀!" Ọkùnrin kan da ṣùyà ọwọ́ rẹ̀ padà sínú bébà. Wọ́n bọ́ sórí ọ̀rọ̀ agogo. Àwọn kan ní atẹ́gùn ni, àwọn kan ní òkú ni, Caleb ní bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ ẹ padà wá sanwó wo apá kejì, wọ́n sì rán an létí pé kò sí apá kejì.

Ibẹ̀ ni ohùn kan ti wá láti ẹ̀yìn. Kò pariwo.

"Ta ló ti ilẹ̀kùn náà láti ìta?"

A yíjú. Ọkùnrin kan dìde, ó ga, apá rẹ̀ kún fún àmì kéékèèké níbi tí iná irin ti ta sí i lára. "Ẹ ò wo ọwọ́ ṣọ́jà yẹn dáadáa," ó ní. "Kò fọ́ ilẹ̀kùn. Ìdábùú irin ló fà, ìdábùú náà sì wà níta. Wẹ́dà ni mí, ilẹ̀kùn ni mò ń ṣe jẹun nílùú yìí. Ẹni tó bá wà nínú ilé, ọwọ́ rẹ̀ kò lè tó ìdábùú tó wà níta láéláé. Ẹnì kan ló tì wọ́n mọ́bẹ̀. Ta ni?"

Kò sẹ́ni tó rántí agogo mọ́. Ẹ̀rù tí fíìmù náà kò bà mí, ìbéèrè yẹn bà mí. Ṣùgbọ́n ṣé èmi ni wẹ́dà yóò wá pa lẹ́nu mọ́ lórí ìwé tí mo ti kà? Mo dìde.

"Ìyẹn kì í ṣe ohun tí à ń béèrè," mo ní. "Ó wà nínú ìwé. Bàbá ọmọ náà ni. Àrùn ti mú un, ó jáde, ó sì ti ilẹ̀kùn kí òun má baà padà wọlé pa ọmọ òun. Orí kẹtàdínlógún."

Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Ọkùnrin náà wò mí. "Ẹ ti ka ìwé náà, Àǹtí?"

"Mo máa ń sọ ọ́ fún àwọn ọmọ kíláàsì mi."

"Ẹ ṣeun," ó ní, ó sì jókòó. Mo gbé àyà mi padà sí Ọ̀kà bí ẹni gba ife-ẹ̀yẹ.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá. Caleb ti kó gbogbo wa sórí Wásáàpù kan, àwọn ènìyàn sì ń jà níbẹ̀ lójoojúmọ́ lórí agogo àti ohun tí ọmọ náà jẹ. Bí ẹnì kan bá ti dá ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn sílẹ̀, ẹlòmíràn á ní, "Àǹtí Tíṣà ti parí ìyẹn. Orí kẹtàdínlógún." Mo máa ń kà á, mo máa ń rẹ́rìn-ín.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, bí a ṣe ń jáde nílé ìwé, mo rí wẹ́dà náà lẹ́nu géètì. Ó ti wẹ̀, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì tí wọ́n lọ̀ dáadáa, ó fi ìwé kan sínú náílọ̀n, ó dì í mú ṣinṣin.

"Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́. Ọ̀jẹ̀wálé ni orúkọ mi. Mo ra ìwé náà. Akúrẹ́ ni mo ti rí i rà. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," mo ní. "Ó ti yé yín báyìí."

Ó wo ilẹ̀. "Àǹtí, ẹ má bínú. Orí mẹ́rìndínlógún ló wà nínú rẹ̀."

Mo gba ìwé náà. Mo ṣí i láti ẹ̀yìn. Orí kẹrìndínlógún, ọmọ náà jókòó, ṣọ́jà fa ìdábùú, ìwé parí. Kò sí ibi tí wọ́n ti sọ ẹni tó ti ilẹ̀kùn. Láàárín ọdún mẹ́fà, èmi Ìwé-ló-wí ti jókòó, mo ti kọ odidi orí kan kún ìwé oníwèé nínú ọpọlọ mi, mo sì ti kọ́ ọmọ ọlọ́mọ. 

"Kí ló dé tí ẹ ò gbé e sórí Wásáàpù?" mo bi í. Ohùn mi le. Ìtìjú ló mú un le.

"Ojú gbogbo ayé lẹ ti sọ̀rọ̀," ó ní. "Kò yẹ kí n dójú tì yín níbẹ̀. Mo ní kí n wá sọ fún ẹ̀yin nìkan." Ó tún ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ṣe. "Mo sì tún fẹ́ rí yín."

 Mo ní ó dàbọ̀, mo lọ sílé. Inú mi ń sọ fún mi pé kò sẹ́ni tó mọ̀, pé ọkùnrin yẹn kò ní sọ, pé kí n dákẹ́. Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì mi, mo rò ó fún wákàtí kan. Ìgbéraga tèmi kì í ṣe èyí tí ń sá pamọ́. Mo mú fóònù, mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé: "Mo ṣìnà. Orí mẹ́rìndínlógún ni ìwé náà. Kò sí ẹni tó mọ ẹni tó ti ilẹ̀kùn. Ọ̀jẹ̀wálé ló yẹ ìwé wò tí mo fi mọ̀."

Ẹ ò rí ẹ̀rín! Ọjọ́ mẹ́rin ni wọ́n fi fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Caleb ní òun ti ń ta tíkẹ́ẹ̀tì orí kẹtàdínlógún. Láàárín ariwo yẹn ni ọ̀rọ̀ kan wọlé sí mi níkọ̀kọ̀: "Àǹtí, orí mi wú pé mo mọ̀ yín." Mo kà á, mo gbé fóònù sí àyà. Mo mọ̀ lọ́jọ́ náà pé mo ti kó sọ́wọ́ rẹ̀.

Oṣù mẹ́jọ la fi ń fẹ́ ara wa. Lọ́jọ́ Àìkú, tí mo bá ti jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì, á gun ọ̀kadà rẹ̀ wá, a ó rìn gba ọ̀nà Etíoro títí oòrùn á fi rọ̀. "Ẹ" di "o". Ó ń sọ fún mi bí a ṣe ń wo irin títí yóò fi pọ́n dé ibi tó yẹ, èmi náà ń ka ìwé fún un. Ó máa ń dá mi dúró láàárín gbólóhùn kan, á ní, "Dúró ná, kí ló dé tó fi ṣe bẹ́ẹ̀?" N kò tíì ní akẹ́kọ̀ọ́ tó rí bẹ́ẹ̀ rí. Bí ọjọ́ Àìkú kan bá kọjá tí n kò rí i, oúnjẹ á kọ ẹnu mi. Mo sọ ọ́ bó ṣe rí.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rù bàbá mi, àgbà ìjọ wa, ń bà mí. Ìyá mi Mary ti kú, bàbá nìkan ló tọ́ mi láti ọmọ ọdún mẹ́wàá. Mo wá bẹ àbúrò bàbá mi, Àǹtí Naomi, tó ń ta aṣọ ní Ìkarè, pé kó bá mi lọ sọ ọ́. Àǹtí Naomi ló mọ bí a ṣe ń bá bàbá mi sọ̀rọ̀: á kọ́kọ́ gbé iyán síwájú rẹ̀, á jẹ́ kó jẹ ẹ́ dé ìdajì.

Mo fara pamọ́ sí kọ́rídọ̀, mò ń gbọ́.

"Bọ̀dá mi, ọmọ wa ti rí ọkọ."

"Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Ọmọ ta ni?"

"Wẹ́dà ni, ní Ìkarè. Ọmọlúàbí ni. Ó ti ṣèrìbọmi, ó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì."

"Mo ní ọmọ ta ni?"

"Ọmọ Ògúnmọ́lá. Ọ̀jẹ̀wálé."

Mo gbọ́ bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe dúró nínú abọ́. "Àwọn eléégún," ó ní.

"Bàbá rẹ̀ ló ń ṣe egúngún ilé wọn. Ọmọ kò..."

"Naomi. Ọdún méjìlélógún ni mo ti ń ka ìkéde ìgbéyàwó ní ìjọ yìí. Ṣé èmi ni màá dìde, tí màá fi ẹnu yìí pe Ọ̀jẹ̀ nínú ilé Ọlọ́run, tí yóò sì jẹ́ ọkọ ọmọ tèmi?"

Àǹtí Naomi kò sá. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́, òun náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ní, "Ẹ kò tíì rí i. Ẹ tilẹ̀ mọ bí wọ́n ṣe pàdé?" Ó wá sọ ìtàn fíìmù náà fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, títí kan orí kẹtàdínlógún tí kò sí. Ọ̀rọ̀ bọ́ lẹ́nu bàbá mi kó tó mọ̀. "Láti ìta?" ó ní. "Ìdábùú wà ní ìta?"

Ẹ ò mọ bàbá mi. Ọ̀gá ilé ìwé ni títí dọ̀la, ìbéèrè tí kò ní ìdáhùn máa ń yọ ọ́ lẹ́nu bí egungun ẹja tó há ọ̀fun. Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, ó ní kí n gbé kọ̀ǹpútà mi wá. Ó wo fíìmù náà tán, ó dá a padà sẹ́yìn, ó tún ìparí rẹ̀ wò lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì fi bírò pupa kọ ìbéèrè mọ́kàndínlógún sínú ìwé àkọsílẹ̀ kan. Ó wá sọ láìwò mí lójú pé, "Sọ fún ọmọ Ìkarè yẹn kó wá lọ́jọ́ Sátidé. Ìbéèrè lásán ni mo fẹ́ bi í. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìyàwó."

Ọ̀jẹ̀wálé dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ. Wákàtí méjì ni wọ́n fi jókòó sí pálọ̀ wa. Bàbá mi ní bàbá ọmọ ló ti ilẹ̀kùn, bí mo ṣe sọ ọ́ gan-an. Ó wá yé mi ibi tí mo ti jogún orí kẹtàdínlógún. "Bàbá tó bá fẹ́ràn ọmọ rẹ̀," ó ní, "á dúró síta, á ti ilẹ̀kùn."

"Ó lè rí bẹ́ẹ̀, Sà," Ọ̀jẹ̀wálé ní. "Ṣùgbọ́n àwọn tó wà nínú kò mọ̀. Ohun tí wọ́n mọ̀ kò ju pé wọ́n ti àwọn mọ́lé. Bó bá jẹ́ òun ni, ì bá ti sọ fún wọn kó tó jáde."

"Bó bá sọ fún wọn, ṣé wọ́n á jẹ́ kó lọ?"

Ọ̀jẹ̀wálé ronú. "Òótọ́ lẹ sọ, Sà. Wọn ò ní jẹ́ kó lọ." Ó fi ìka kan ilẹ̀. "Síbẹ̀, mo ṣì ń bá wọn kẹ́dùn."

Bàbá mi rẹ́rìn-ín. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ju abọ́ ọwọ́ mi sílẹ̀. Ó ní kí n gún iyán fún àlejò, ó fi ẹran inú ọbẹ̀ tirẹ̀ kún ti Ọ̀jẹ̀wálé. Mo wà níbi odó, mò ń gún un, mò ń kọrin, mo ti bí ọmọ mẹ́ta lọ́kàn.

Nígbà tí wọ́n jẹun tán, bàbá mi nu ẹnu rẹ̀. "Mo fẹ́ràn rẹ, ọmọ mi. N kò ní purọ́. Ọpọlọ rẹ pé. Ṣùgbọ́n orúkọ rẹ kò lè wọ ìkéde wa. Mú Ezekiel, orúkọ ìrìbọmi rẹ, mú un ní tòótọ́, kó jẹ́ òun la ó máa pè ọ́ láti òní lọ, òun ni ìyàwó rẹ yóò máa pè ọ́, òun ni màá kà. Mo ti gbà."

Ọ̀jẹ̀wálé wò mí. Mo gbé ojú kúrò. Ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́: mo fẹ́ kó gbà. Mo ní lọ́kàn mi pé kí ni orúkọ jẹ́, ṣé orúkọ ni màá bá sùn?

"Ẹ jẹ́ kí n lọ rò ó, Sà," ó ní.

Ọjọ́ mẹ́rìnlá ni n kò fi gbọ́ ohùn rẹ̀. Mo pè, kò gbé e. Mo ń ṣe máàkì sí ìwé àwọn ọmọ, mo ń fi àmì sí ibi tí kò yẹ. Mo bínú sí i, mo sunkún, mo tún bínú. Mo búra pé n kò ní pè é mọ́, mo sì tún pè é ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Lọ́jọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún ó dúró sẹ́nu géètì ilé ìwé wa. Ó ti rù.

"Mo gbà," ó ní. Ó fa fọ́ọ̀mù ìkéde yọ nínú àpò. Ó ti kọ ọ́ síbẹ̀: Ezekiel. "Ó kù kí a sọ fún bàbá mi. Ó yẹ kí àwa méjèèjì jọ lọ."

Mo fò mọ́ ọn níwájú àwọn ọmọ kíláàsì mi, kò kàn mí.

Bàbá Ògúnmọ́lá jókòó lábẹ́ òrùlé páánù lẹ́yìnkùlé wọn, ó ń gbẹ́ ẹ̀rúkọ́. Iṣẹ́ rẹ̀ ni. Ó wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ní kí n jókòó, ó bi mí nípa àlàáfíà bàbá mi, ó bu omi fún mi fúnra rẹ̀. Mo ti múra ìjà. Mo ti to ọ̀rọ̀ sẹ́nu.

Ọ̀jẹ̀wálé sọ ọ́ fún un. Bàbá náà gbẹ́ igi díẹ̀ sí i, ó gbé ọ̀bẹ sílẹ̀.

"Ulé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ," ó ní. "Obìnrin mẹ́rin ni mo bí ṣáájú rẹ̀. Mo ti ní ulé yìí á parẹ́. Ulé tí mo wò nígbà náà nù un." Ó wò mí, kò sí ìbínú kankan lójú rẹ̀. "Ṣùgbọ́n ùwọ ni yó bá a gbé, ùwọ ọmọ Ọ̀kà. Tíṣà ni án pè ọ́. Kọ́ mi bí án ti ń pè é, kí mi má baà pè é ṣì níwájú àna mi. Ì... Ìsíkí..."

Ó dúró, ó ń wo ẹnu mi, ó ń retí.

Mo ti kọ́ ọmọ tó lé ní ẹgbẹ̀rún. Ẹnu mi kò là. Bàbá tó sọ ọmọ rẹ̀ lórúkọ ń bẹ̀ mí kí n kọ́ òun bí òun ó ṣe máa pe ọmọ náà. Mo wo Ọ̀jẹ̀wálé. Orí rẹ̀ wà nílẹ̀, ọkùnrin tó fi ohùn jẹ́jẹ́ dá gbogbo ilé ìwo-bọ́ọ̀lù dúró, ó wà níbẹ̀ bí ọmọ tó jalè. Èmi ni mo ṣe é bẹ́ẹ̀. Mo fẹ́ràn rẹ̀ nítorí pé kì í tẹ ẹnikẹ́ni lórí ba, mo sì jókòó, mo jẹ́ kí wọ́n tẹ orí tirẹ̀ ba fún mi.

Mo na ọwọ́. "Mú fọ́ọ̀mù yẹn wá."

"Níyì..."

"Mo ní mú un wá."

Mo fa ìlà lórí Ezekiel. Mo kọ Ọ̀jẹ̀wálé sókè rẹ̀, mo fi àmì ohùn sí gbogbo rẹ̀, kò ku ẹyọ kan. "Bàbá," mo ní, mo kúnlẹ̀, "orúkọ tí ẹ sọ ọ́ ni màá máa pè é. Kò sí òmíràn tí màá kọ́ yín."

Ọ̀jẹ̀wálé sọ fún mi lójú ọ̀nà pé mo ti ba nǹkan jẹ́. Ṣùgbọ́n ó ti gbé orí sókè.

Bàbá mi wo fọ́ọ̀mù náà pẹ́. "Ìwọ lo kọ èyí?"

"Èmi ni, Bàbá."

"N kò lè kà á."

"Bí ẹ kò bá kà á, ẹnikẹ́ni kò ní kà á. N kò ní lọ sí ìjọ mìíràn, n kò ní lọ sí kọ́ọ̀tù láti dójú tì yín. N kò sì ní fẹ́ ẹlòmíràn. Màá jókòó tì yín nílé yìí títí tí a ó fi darúgbó." Omi ti ń dà lójú mi, mi ò nù ún. Mo sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Ìkarè fún un, bí bàbá àgbà náà ṣe ní kí n kọ́ òun, bó ṣe ń wo ẹnu mi.

Nígbà tí mo sọ ọ́ dé ibẹ̀ yẹn, bàbá mi jókòó.

"Ìyá mi kò lè pe Clement," ó ní. "Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà tí wọ́n sọ mí bẹ́ẹ̀. Tíṣà ní kò gbọ́dọ̀ pe tàtijọ́ mọ́. Kìlìmẹ́ẹ̀tì ló máa ń pè mí. Á pè é tán, á wo ojú mi, bóyá òun pè é re." Ó bọ́ awò ojú rẹ̀. "Títí tó fi kú."

"Kí ló ń pè yín tẹ́lẹ̀, Bàbá?"

 Ó ká fọ́ọ̀mù náà, ó wọ yàrá lọ.

Ọjọ́ Àìkú dé. Mo wọ ṣọ́ọ̀ṣì láìmọ̀ bóyá wọn ó dárúkọ wa rárá. Àwọn àgbà ní bójú bá mojú tán, alárinà a yẹ̀ba, ṣùgbọ́n Àǹtí Naomi kò yẹ̀ba o: nígbà tí orin kejì ń lọ lọ́wọ́, mo rí i tó ń bọ̀ lẹ́nu ọ̀nà, Ọ̀jẹ̀wálé wà lẹ́yìn rẹ̀, Bàbá Ògúnmọ́lá sì wà láàárín wọn, ó wọ agbádá funfun, ó di fìlà rẹ̀ mú lọ́wọ́. Kò wọ ṣọ́ọ̀ṣì rí láyé rẹ̀. Wọ́n jókòó sórí bẹ́ńṣì ìkẹyìn. Àwọn ènìyàn yíjú, wọ́n ń gbún ara wọn.

Bàbá mi dìde fún ìkéde. Ó wo ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì, ó rí wọn. Ó ṣí ìwé.

"Mo ń kéde ìgbéyàwó tí ń bọ̀ láàárín Ọ̀jẹ̀wálé Ògúnmọ́lá, ti Ìkarè, àti Fúnminíyì Akínlọ́lá, ti ìjọ yìí. Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá mọ ìdí kan tí kò fi yẹ kí a so wọ́n pọ̀, kí ó sọ ọ́. Èyí ni ìgbà àkọ́kọ́ tí a béèrè."

Kùn-ùn gba gbogbo ìjọ. Mo gbọ́ "Ọ̀jẹ̀ kẹ̀?" láti apá àwọn ìyá ìjọ. Bàbá mi kò jókòó. Ó dúró bó ṣe máa ń dúró níwájú kíláàsì tó ń pariwo, ó fi ọwọ́ méjèèjì di tábìlì ìwàásù mú, ó dúró títí ilé fi pa rọ́rọ́.

"Ó jọ pé àwọn kan kò gbọ́ orúkọ ọkọ ọmọ mi," ó ní. "Màá tún un pè."

Ó sì tún un pè, jẹ́jẹ́, ó fún ohùn kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀tọ́ rẹ̀, bí ẹni ń pe ọ̀rọ̀ fún ọmọ tó ń kọ ọ́ sílẹ̀. "Ọ̀jẹ̀wálé. Ògúnmọ́lá."

Mo ti yangàn lórí ìwé, mo ti yangàn lórí ìdánwò. Ó di ọjọ́ náà kí n tó mọ ohun tí wọ́n ń pè ní kí ọmọ fi baba yangàn.

Bàbá Ògúnmọ́lá tó wà lẹ́yìn kò mọ ìṣe ṣọ́ọ̀ṣì. Ó gbọ́ orúkọ ọmọ rẹ̀ àti tirẹ̀, ó rò pé wọ́n ń pe àwọn ni. Ó dìde dúró.

"Ọmọ mi ni!" ó dáhùn.

Àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Bàbá mi kò rẹ́rìn-ín. Ó tẹrí ba díẹ̀ sí i láti orí pèpéle.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá," ó ní. "Ọmọ wa ni." Ó pa ìwé dé, ó sì ní kí gbogbo ìjọ dìde kọrin.